Ẹgbọrọ Màlúù Mẹ́sàn-án àti Ìṣínu Ààwẹ̀

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Bí a bá tì í wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọgbà á wó, ẹlẹ́dẹ̀ á sì fara pa.

[Fóònù ń dún ní àdúgbò Charbonnages láàárín ìlú, nílé Bàbá Silas, ẹni tó fi ọgbọ̀n ọdún tọ́jú ẹran ọ̀sìn kó tó fẹ̀yìn tì. Ìbídàpọ̀, tí oríkì rẹ̀ ń jẹ́ Àdìgún, ló ń pè, láti oko màlúù tó ń bójú tó lẹ́yìn ìlú, ní ìkọjá PK12. Màlúù ń ké lẹ́yìn rẹ̀.]

ÌBÍDÀPỌ̀: Hello? Hello, Bàbá! Ẹ káàárọ̀ sà. Ṣé dáadáa lẹ jí? Màmá ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ńkọ́?

SILAS: A dúpẹ́, Àdìgún. Ẹsẹ̀ ń— kí ló ń ké báyẹn?

ÌBÍDÀPỌ̀: Àwọn ìyá màlúù ni sà. Please, Bàbá, ìbéèrè kékeré kan ni. Tí ẹgbọrọ bá ń payín keke, kí ló máa ń fà á?

SILAS: Èwo nínú wọn?

ÌBÍDÀPỌ̀: Mo kàn ń béèrè ni sà.

SILAS: Ẹni tó kàn ń béèrè kì í mí hẹlẹ báyìí. Èwo nínú wọn?

ÌBÍDÀPỌ̀: Méjì— Márùn-ún sà.

SILAS: Márùn-ún! Nínú mẹ́sàn-án?

ÌBÍDÀPỌ̀: Ẹ̀gbẹ́ òsì wọn ti wú bí bọ́ọ̀lù. Ìgbẹ́ wọn ń ṣàn, ó ń kan bí omi ògì ọjọ́ mẹ́rin. Mo ti bẹ Ọlọ́run, Bàbá, mo ti—

[Ìlà ń ṣe ségesège.]

SILAS: Ṣé o gbọ́ mi? Kí ni wọ́n jẹ?

ÌBÍDÀPỌ̀: Oúnjẹ wọn náà ni. Àgbàdo lílọ̀ tí ẹ ní kí n máa gbé sínú ọgbà kékeré, níbi tí ìyá wọn ò lè wọ̀, kí ikùn wọn lè mọ oúnjẹ kí a tó já wọn lẹ́nu ọmú.

SILAS: Mo mọ ohun tí mo kọ́ ọ. Báwo ló ṣe pọ̀ tó?

ÌBÍDÀPỌ̀: Ó pọ̀ díẹ̀ sà.

SILAS: Ìbídàpọ̀.

ÌBÍDÀPỌ̀: Àpò mẹ́ta.

SILAS: Yéè! Abọ́ ni mo ní! Abọ́ kékeré, kó o máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un! Ta ló da àpò mẹ́ta síwájú wọn?

ÌBÍDÀPỌ̀: Èmi ni. Ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́ta la gbà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Inú ṣọ́ọ̀ṣì ni mo sùn sí.

SILAS: Ta ló ń fún wọn ní àgbàdo lọ́jọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?

ÌBÍDÀPỌ̀: Kò sẹ́ni. Damien darandaran ń kó wọn lọ jẹ koríko, ṣùgbọ́n mo ti ilẹ̀kùn yàrá oúnjẹ pa, kọ́kọ́rọ́ sì wà lápò sùtánà mi. Madame Audrey tó ni oko ní èmi nìkan ni kó máa ṣí i. Nígbà tí mo dé ní ìrọ̀lẹ́ àná, gbogbo wọn sáré pàdé mi, wọ́n ń lá mi lọ́wọ́. Àánú ṣe mí, Bàbá. Mo ní, èmi ti ṣínu, kí àwọn náà ṣínu.

SILAS: [Ó mí kanlẹ̀.] Ìwọ fúnra rẹ, kí lo fi ṣínu?

ÌBÍDÀPỌ̀: Ẹ̀kọ gbígbóná sà. Ife kan.

SILAS: Ife kan! O mọ̀ pé ikùn òfìfo ò gba ìgbàkugbà, o rọra mu ife ẹ̀kọ kan, o wá da àpò mẹ́ta fún ọmọ ọlọ́mọ. Wòlíì màlúù!

ÌBÍDÀPỌ̀: Ẹ bá mi gbàdúrà, Bàbá.

SILAS: Láti ìgbà wo lo ti rí wọn?

ÌBÍDÀPỌ̀: Aago mẹ́fà.

SILAS: Mẹ́jọ ti kọjá!

ÌBÍDÀPỌ̀: Mo wà lórí ìkúnlẹ̀ sà—

SILAS: Ọlọ́run ti gbọ́ ọ láti aago mẹ́fà. Ṣé oúnjẹ ṣì kù nínú ọgbà yẹn?

ÌBÍDÀPỌ̀: Ó kù. Àwọn tó lágbára ṣì ń sáré padà sídìí ẹ̀. Ara mi ni mo fi dí ẹnu ọ̀nà wọn báyìí. [Nǹkan gbá igi.] Padà! Padà sẹ́yìn! Bí mo bá kúrò, wọ́n á wọlé.

SILAS: Okùn ńkọ́?

ÌBÍDÀPỌ̀: Ó jìnnà sí mi.

SILAS: Kí lo wọ̀?

ÌBÍDÀPỌ̀: Sùtánà sà.

SILAS: Bọ́ ọ. Fi so ẹnu ọ̀nà náà.

ÌBÍDÀPỌ̀: Bàbá, wọ́n ti ya sùtánà yìí sí mímọ́—

SILAS: Ṣé o gbọ́ mi? Bọ́ ọ!

[Aṣọ ya. Igi ń dún.]

ÌBÍDÀPỌ̀: Mo ti so ó.

SILAS: Ó káre. Àdìgún, ọmọ adaran tí kì í fi pàṣán na ọmọ ẹran, fọkàn balẹ̀. Dókítà ẹran ńkọ́?

ÌBÍDÀPỌ̀: Ó ti rìnrìn àjò. Ó ní ó di ọ̀la.

SILAS: Kò ní í di ọ̀la. Bicarbonate, ìyẹ̀fun funfun tí ìyàwó rẹ fi ń mú gâteau wú, ṣé ó wà níbẹ̀?

ÌBÍDÀPỌ̀: Tiwátọ́pẹ́ fi páálí kan sílẹ̀. Ìdajì kílò.

SILAS: Sáré mú un wá, òun ló ń pa kíkan tó wà níkùn wọn. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ pẹ̀lú.

[Ìró eré. Ilẹ̀kùn. Omi ń dà sínú ìgò. Eré padà.]

ÌBÍDÀPỌ̀: Mo ti dé. Bàbá? Ṣé ẹ gbọ́ mi? Network burúkú! Bàbá!

SILAS: —ṣíbí ńlá mẹ́jọ nínú ìgò omi kan, fún ẹran kọ̀ọ̀kan. Gbé ẹnu rẹ̀ sókè díẹ̀, kó máa gbé e mì fúnra rẹ̀. Bó bá ń wúkọ́, dúró. Lẹ́yìn náà, koríko gbígbẹ nìkan. Màá ra òmíràn lọ́jà Rio, màá wọ taxi máa bọ̀.

ÌBÍDÀPỌ̀: D'accord. Ọpẹ́ ni màá kọ́kọ́ fún.

SILAS: Ta ni Ọpẹ́?

ÌBÍDÀPỌ̀: Èyí tó funfun níwájú orí. Ẹsẹ̀ ló mú wáyé, ẹ ń sọ fún mi lórí fóònù bí mo ṣe máa fà á. Arẹwà onírù gbọọrọ, ọmọ tó kí mi kó tó kí ìyá rẹ̀. Òun nìkan ló dùbúlẹ̀.

SILAS: Báwo ló ṣe dùbúlẹ̀?

ÌBÍDÀPỌ̀: Ó na ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo gbé orí ẹ̀ lé itan.

SILAS: Gbé e kó fi àyà lélẹ̀.

[Ìbídàpọ̀ ń kérora. Ohun wúwo kan ṣubú.]

ÌBÍDÀPỌ̀: Ó tún ṣubú.

SILAS: Fọwọ́ kan etí rẹ̀.

ÌBÍDÀPỌ̀: Ó tutù.

SILAS: Fi ìka sún mọ́ ojú rẹ̀. Ṣé ó ṣẹ́jú?

[Ìyá màlúù kan ń ké.]

ÌBÍDÀPỌ̀: Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà.

SILAS: Ṣé ó ṣẹ́jú?

ÌBÍDÀPỌ̀: Rárá. Ṣùgbọ́n ó ń mí! Mo gbọ́ ọ, ó ń mí!

SILAS: Mélòó ló ń payín keke tó ṣì dúró lẹ́sẹ̀?

ÌBÍDÀPỌ̀: Mẹ́rin.

SILAS: Páálí yẹn tó mẹ́rin. Kò tó márùn-ún.

ÌBÍDÀPỌ̀: Mi ò lè fi í sílẹ̀, Bàbá. Èmi ni mo fún un lóúnjẹ. Olúwa tó jí Lásárù—

SILAS: Ṣé o gbọ́ mi?

ÌBÍDÀPỌ̀: [Ó ń sunkún.] Mo gbọ́ sà.

SILAS: Gbé orí rẹ̀ sílẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, ọmọ mi, kó o gbé ìgò yẹn lọ bá àwọn tó dúró.

[Ìlà já.]