Bàtà Ẹsẹ̀ Òsì Mi Ló Tú Àṣírí

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tèmi, nítorí ọ̀rọ̀ yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ mí di ẹni tó ń dá sọ̀rọ̀ nínú ilé. Bàtà pẹlẹbẹ kan wà nínú ọ̀rá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbi tí mo jókòó sí yìí. Bí mo bá ti wò ó, ìtìjú á mú mi, ẹnu á sì tún yà mí. Ǹjẹ́ ẹ mọ̀ pé èèyàn lè ba ẹni rere lórúkọ jẹ́ ní gbangba, kó sì máa rò pé ẹ̀tọ́ òun lòun ń jà fún? Ohun tí mo ṣe fún Bàbá Mùrí nìyẹn.

Bọ́ọ̀sì ni mo fi ń kó àwọn ọmọ ilé ìwé láti Múṣín lọ sí Ìlúpéjú. Ọkọ mi ló ni ín kó tó kú ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Òun náà ló kọ́ mi ní mọ́tò wíwà, kò sì sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ládùúgbò wa. Ọ̀gá Sítíárìn ni wọ́n ń pè é. Bí àwọn ọmọ mi bá fẹ́ fi bàbá wọn yangàn, orúkọ yẹn ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wọn. Bàbá Mùrí, mẹkáníìkì àgbàlagbà kan tí kò fẹ́ràn ariwo, ló ń tún bọ́ọ̀sì náà ṣe láti ìgbà ayé ọkọ mi. Ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ làwọn méjèèjì.

Lọ́dún tó kọjá, kò pẹ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í wà á fúnra mi, kílọ́ọ̀ṣì tí ẹsẹ̀ òsì ń tẹ̀ láti pààrọ̀ gíà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ mí lẹ́nu. Bí mo bá tẹná kí ọkọ̀ sáré, ẹ́ńjìnì á ké, bọ́ọ̀sì ò ní sáré, òórùn ohun tó ń jó á sì gba inú ọkọ̀ kan. Bàbá Mùrí sọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀, ó fi pléètì kílọ́ọ̀ṣì tuntun sí i. Kò pé oṣù mẹ́ta tó tún jóná. Ó tún pààrọ̀ rẹ̀. Àfi lọ́jọ́ kan tí mò ń gun afárá lọ pẹ̀lú ọmọ mẹ́rìnlá nínú ọkọ̀, bọ́ọ̀sì kọ̀, kò lọ síwájú mọ́, ó ń yí padà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, tírélà sì wà lẹ́yìn wa. Hánbíréèkì tí mo fà ló gbà wá. Igbe àwọn ọmọ yẹn ò tíì kúrò létí mi.

Ṣé ẹ máa bá mi wí pé inú bí mi? Mo fẹjọ́ Bàbá Mùrí sun ẹgbẹ́ àwọn mẹkáníìkì lọ́jọ́ Sátidé ìpàdé wọn. Mo pariwo, mo ní tòkúnbọ̀ ló ń fi sí i tó ń pè é ní tuntun, mo ní ó fẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ. Wọ́n ní kó sọ tẹnu ẹ̀. Ó wò mí títí, ó ní, "Tuntun ni mo fi sí i. Mi ò ní ohun mìíràn tí mo fẹ́ sọ." Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Wọ́n gba ipò àgbà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan bọ́ọ̀sì ilé ìwé kankan mọ́. Tayọ̀tayọ̀ ni mo fi lọ sílé.

Mo mú mẹkáníìkì mìíràn. Èmi fúnra mi bá a lọ ra pléètì, ojú mi ni wọ́n ṣe tú u nínú páálí. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, òórùn yẹn tún dé.

Mo gba ilé Bàbá Mùrí lọ, mo kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ ṣáà bá mi wò ó." Mo rò pé á lé mi jáde. Ńṣe ló wọ sálúbàtà, ó ní, "Ìyàwó, jẹ́ ká lọ." Ó ní kí n fa hánbíréèkì, kí n fi sí gíà kẹta, kí n rọra tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, bí kílọ́ọ̀ṣì bá dára, ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ kú. Kò kú, ńṣe ló ń ké lọ. Ó ní, "Ó ti ń jẹ tán. Rọra wà á yí àdúgbò ká." Bàbá ò wo ẹ́ńjìnì, kò wo ojú ọ̀nà; ó dijú bí ẹni tó ń sùn. Nígbà tá a dúró, ó ní, "Bọ́ bàtà ẹsẹ̀ méjèèjì."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wo nǹkan! Ó da ìsàlẹ̀ wọn sókè. Tọ̀tún ṣì dára. Tòsì ti jẹ wọnú, ilà ara rọ́bà tí a fi ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì sì hàn lára rẹ̀ bí ilà ojú. "Ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ń ṣiṣẹ́ méjì, tẹná tẹ bíréèkì, òun ló yẹ kí bàtà ẹ̀ jẹ," Bàbá sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Ìwọ kì í gbé tòsì kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì. Bó ti wù kí ẹsẹ̀ náà fúyẹ́ tó lórí ẹ̀, pléètì ò ní lè dì mú dáadáa, á máa yọ̀, á máa gbóná, títí á fi jó." Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà! Èmi tí mò ń wá olè kiri, ẹsẹ̀ mi ni olè náà.

Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ ọ́ níwájú ẹgbẹ́. Òun náà bi mí pé, "Ta ló kọ́ ẹ?" Mo rántí ohùn ọkọ mi: má gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì, kí ọ̀nà má bàa bá ẹ lójijì. Bàbá ní bẹ́ẹ̀ lòun ṣe ń pààrọ̀ pléètì fún un nígbà ayé rẹ̀, òun ń bá a wí, ó ń rẹ́rìn-ín, ọjọ́ ìpàdé yẹn lòun sì fura pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ. "Ọ̀gá Sítíárìn ni gbogbo wọn ń pè é. Ṣé kí n wá dìde síbẹ̀, kí n máa ka àṣìṣe ẹ̀, nígbà tí kò sí níbẹ̀ láti fèsì? Gbogbo ohun tójú rí kọ́ lẹnu ń sọ."

Háà! Mo ti gbọ́ nípa ọ̀rẹ́, mi ò rí irú eléyìí rí. Èèyàn mọ ohun tó lè gba òun là, ó gbé e mì, ó jẹ́ kí wọ́n pe òun lólè nítorí ọ̀rẹ́ tó ti kú! Mo sunkún níbẹ̀ bí ọmọdé. Mẹkáníìkì kejì ló padà fi pléètì mìíràn sí i, torí Bàbá ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Láti ìgbà náà ni ẹsẹ̀ òsì mi ti ń sinmi lórí ilẹ̀ ọkọ̀, òórùn yẹn ò sì wá mọ́.

Sátidé tó ń bọ̀ ni ìpàdé wọn. Mo fẹ́ gbé bàtà yìí lọ, kí n gbé e sórí tábìlì, kí n jẹ́wọ́. Bàbá Mùrí ní kí n fi sílẹ̀, òun ti fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Àbúrò ọkọ mi fara ya: "Àǹtí, ṣé ẹ fẹ́ ba orúkọ ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ ni?" Àwọn ọmọ mi ò tíì gbọ́ rárá. Kí ni kí n ṣe? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí Sátidé tó pé. Bàbá dákẹ́, ó fi bo òkú láṣírí. Bí èmi náà bá dákẹ́, ta ni mò ń bò, bí kò ṣe ara mi?