Ohun tí Ojú Ò Rí

Àbẹ̀kẹ́, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ló kọ́kọ́ pè mí ní àjẹ́, lọ́jọ́ tí èébì àti ìgbẹ́ gbuuru pa ọmọ mi nílé wọn ní Ibafo. Ní oṣù tó kọjá, ó gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí èébì àti ìgbẹ́ gbuuru ń yọ lẹ́nu wá sílé ìwòsàn ní Mowe. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo jókòó sí, kò rí mi.

Nọ́ọ̀sì ní, "Màmá, onígbáméjì ni. Kòkòrò wà nínú omi tí ẹ ń mu."

"Kànga wa? Àtayébáyé la ti ń mu ún!"

"Ṣáláńgá yín ńkọ́? Ṣé kò sún mọ́ ọn?"

"Ẹ̀yìn kànga náà ló wà."

"Ẹ ò rí i! Kòkòrò yẹn kéré débi pé ojú ò lè rí i."

"Ohun tí ojú ò rí, tó ń pa ọmọdé? Nọ́ọ̀sì, a mọ orúkọ tí à ń pè é nílé wa."

"Kì í ṣe àjẹ́, Màmá. Ẹ máa se omi yín."

Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ pé èmi kọ́ ni mo pa ọmọ mi. Mo dìde, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti gbọ́ ohun tó pa ọmọ mi."

Ó wò mí látòkè délẹ̀.

"Mo gbọ́, ìyàwó. Ta ló wá kó kòkòrò sínú kànga?"