Omi Tí Mo Fẹ́ Fi Wẹ Ọmọ Ọmọ Mi

Bí ẹ bá rí mi níbi tí mo ti ń fi omi yọ ẹnu léraléra bí ẹni tó jẹ ẹ̀gbin, ẹ má rò pé ogbó ló dé. Ó pẹ́ díẹ̀ tí mo ti dé láti Port Harcourt, ṣùgbọ́n ìríra ìlú náà kò tíì kúrò lọ́fun mi. Bí mo bá gbójú sókè wo páànù tuntun tó wà lórí ilé mi, mo tún máa ń lọ bu omi yọ ẹnu. Aṣọ funfun tí mo fi ń sin Ọlọ́run wà nínú ọ̀rá lábẹ́ ibùsùn. Etí rẹ̀ dúdú. Mo fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, mo fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́, kò lọ. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ yìí ni wọ́n sì ní kí n wọ aṣọ funfun jáde níwájú ìjọ, kí n jẹ́rìí oore tí Olúwa ti ọwọ́ ọmọ mi ṣe. Oore wo, ẹ̀yin èèyàn mi?

Opó ni mí. Káyọ̀dé nìkan lọ́mọ tí Ọlọ́run fún mi. Ó lọ sí Port Harcourt, ó ní òun ń ṣòwò dísẹ̀lì, kò sì pẹ́ tí nǹkan fi ṣẹnuure. Ó kọ́lé fún mi, ó kan òrùlé ìjọ wa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ni mo bá dìde níjọ́ kan, mo jẹ́rìí. Mo ní bí Olúwa ṣe ṣe fún opó ìgbà ayé Èlíṣà, tó ń da òróró láti inú ìkòkò kan tí òróró kò tán, bẹ́ẹ̀ ló ṣe fún mi. “Epo ni Olúwa fi gbé opó yìí ga!” Gbogbo ìjọ hó yèè. Ẹnu mi yìí náà ló sọ ọ́.

Ìgbà tí wọ́n ní Tèmilolúwa, ọmọ Káyọ̀dé, ọmọ ọdún mẹ́rin, ń wúkọ́ tí kò jẹ́ kó sùn, mo di ẹrù. Mo mú abẹ́là, mo mú kànìnkàn tuntun àti ọṣẹ tuntun, nítorí àwa aláṣọ funfun gbà pé kò sí àrùn tí ìwẹ̀ odò pẹ̀lú àdúrà kò lè ṣẹ́gun. Kí n má purọ́, òkun pàápàá wà lọ́kàn mi. Láti kékeré ni mo ti ń kà á nínú Sáàmù pé àwọn tó ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí òkun nínú ọkọ̀ ni wọ́n ń rí iṣẹ́ ìyanu Olúwa. Mo fẹ́ rí i kí n tó kú.

Àárọ̀ ọjọ́ kìíní nílé Káyọ̀dé, lẹ́bàá àdúgbò Trans-Amadi, mo fun imú, ohun tó jáde dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo sá aṣọ àdúrà mi, nígbà tí mo fi máa padà dé ìdí okùn, ìdọ̀tí dúdú ti wọ́n sí i bí ẹni fọ́n ata. Ó wà lórí tábìlì, ó wà nínú ọbẹ̀, ó wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ. Sọ́ọ̀tù ni wọ́n ń pè é. Káyọ̀dé rẹ́rìn-ín, ó ní, “Màámi, ìlú iṣẹ́ nìyí. Níbi tí owó bá wà, èéfín ò ní ṣàì sí.” Èmi kò gbà. Mo ní àjẹ́ ni. Ta ni àjẹ́ náà? Mo wò yíká, Blessing ìyàwó rẹ̀ ni ojú mi bà lé, ọmọ ìlú Isiokpo, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tó máa ń nulẹ̀ láràárọ̀ bí ẹni ń pa àmì ohun tó ṣe rẹ́. Òun ló ń sọ pé kí a gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ ìyá òun ní oko ẹ̀gẹ́ wọn. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Mo sọ ọ́ sójú rẹ̀ pé, “Kí ẹ lè lọ parí rẹ̀ lọ́hùn-ún, àbí?” Mo sọ fún Káyọ̀dé pé, “Ìyàwó rẹ ló ń jẹ ọmọ rẹ.” Káyọ̀dé wo ilẹ̀. “Ẹ máa bá wa gbàdúrà, Màámi.” Ohun tó sọ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo gbààwẹ̀. Ikọ́ ń le sí i. Mo ní àfi kí a gbé ọmọ lọ wẹ̀ lódò. Blessing ní, “Mama, that water no be for pikin o.” Mo ní, “Ẹ gbọ́! Omi ni Námánì wẹ̀ tí ẹ̀tẹ̀ rẹ̀ fi sàn. Kí ló ń bà ọ́ lẹ́rù nínú omi?” Ó wò mí títí, ó gbé ọmọ pọ̀n. “Make we go. But na you go first enter.”

Kẹ̀kẹ́ la wọ̀ gba ọjà Mile One kọjá lọ sí ẹ̀bá omi ní Diobu. Awakọ̀ rí aṣọ mi, ó ní, “Mama Angel, you wan baptise fish? Fish don die finish o!” Mo fi Jésù bá a wí. Nígbà tí a dé ibẹ̀, mo bèèrè pé òkun dà. Blessing nawọ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, omi tó ń dán bí ojú epo mọ́tò, ọ̀rá, ìgbẹ́, òkú ẹja tó ṣíkùn sókè! Síbẹ̀ mo bọ́ sí i, mo ń kọrin, mo wọ̀ ọ́ dé orúnkún. Òórùn tó gbà mí lágbárí, n kò lè ṣàpèjúwe rẹ̀. Nígbà tí mo máa jáde, ẹsẹ̀ mi méjèèjì dúdú, ó ń yọ̀, etí aṣọ mi ń ro tótó bí ògbólógbòó epo ẹ́ńjìnnì. Mo bì síbẹ̀. Ọmọ ń wúkọ́ lẹ́yìn ìyá rẹ̀.

Ọmọbìnrin tí mo pè ní àjẹ́ kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó ń fi ìró ara rẹ̀ nu ẹsẹ̀ mi. Ó ní, “Mama, no be witch. Na oil. Wetin dey your leg, na him smoke dey Temi chest. Na your pikin dey cook am for bush.” Ó wá ṣàlàyé: wọ́n ń jí epo fà lára páìpù, wọ́n ń dáná sun ún nínú àgbá ńlá láàárín igbó omi, èéfín rẹ̀ ló ń di sọ́ọ̀tù, ìṣẹ́kù rẹ̀ ni wọ́n ń dà sódò. Ìyá kan tó ń ṣa ìṣáwùrù nítòsí gbọ́ wa. “Na Oga Kay mama be this?” Káyọ̀dé ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó tutọ́.

Nígbà tí a délé, mo bi Káyọ̀dé, kò sẹ́. “Màámi, ta ni kì í ṣe é? Àwọn tó yẹ kó mú wa gan-an ń gba tiwọn. Ṣebí ẹ̀yin lẹ pè é ní òróró opó?” Mo ní, “O mọ ohun tó ń pa ọmọ rẹ, o sì jẹ́ kí n máa pe aya rẹ ní àjẹ́?” Ó ní, “Kí ni kí n wá sọ, Màámi?” Ẹ gbọ́ mi, èéfín yẹn rínilára, omi yẹn rínilára, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó rí mi lára tó ìdákẹ́jẹ́ ọmọ tí mo bí. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani.

Èmi àti Blessing la jọ gbé ọmọ lọ sí Isiokpo. Mo kúnlẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Kò gbédè mi, ó gbé mi dìde, ó bu omi fún mi. Mo kọ́kọ́ wo inú ife náà kí n tó mu ún. Ikọ́ náà ti ń rọlẹ̀ báyìí, wọ́n ní Tèmi ti ń sáré kiri oko ẹ̀gẹ́.

Ṣùgbọ́n Káyọ̀dé ń bọ̀ wálé lọ́jọ́ Àìkú, ìjọ fẹ́ fi í jẹ Bàbá Ìjọ. Mo lọ bá wòlíì wa ní kọ̀rọ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó gbójú sókè wo òrùlé, ó ní, “Màmá, páànù ti wà lórí, ṣé kí a tú u ni? Ẹ jẹ́ ká fi sádùúrà.” 

Nítorí náà, ẹ má ní kí n lọ gbàdúrà. Àdúrà ni mo ń gbà tí mo fi dí ọmọ lọ́nà ibi tí ara rẹ̀ á ti yá. Ohun tí mo ń bi yín ni èyí: aṣọ tó dúdú létí yẹn ni mo fẹ́ wọ̀ jáde, kí n sì fi ẹnu tó jẹ́rìí lọ́jọ́sí sọ ibi tí owó náà ti wá lójú gbogbo ìjọ. Bí mo bá ṣe é, ọlọ́pàá lè gbé ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí lọ. Bí n kò bá ṣe é, yóò padà lọ dáná, ọmọ ẹlòmíràn yóò sì máa wúkọ́. Ẹ̀yin ìyá tó ń ka èyí, kí lẹ máa ṣe? Ẹ dá mi lóhùn kí Àìkú tó dé. Mo ti yọ aṣọ náà lábẹ́ ibùsùn, ó ti wà lórí okùn.