Kì í Ṣe Ajá Yìí Ló Gbàgbé Ọ́ìlì

Lọ́dún tí àwọn ológun ń fipá kọ́ wa ní títò sórí ìlà, ní gáráàjì Ìjẹ̀bú-Òde, ọkùnrin kan tó fi okùn fa ajá dúró níwájú mi, ìyá àgbà kan sì wà níwájú rẹ̀, tó ń fa ìró rẹ̀ mọ́ra kí ajá náà má baà fara kàn án.

"Ìyá, ẹ má bínú. Ògún ilé wa ní Ibefun ni mo ń mú un lọ fún. Ọkọ̀ ojú irin akẹ́rù ni mò ń wà. A ń kó màlúù bọ̀ láti Òkè Ọya ni ẹ́ńjìnnì bú gbàmù. Irin inú rẹ̀ já, ó lu ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì, ó yọ síta bí ìgbọ̀nwọ́."

"Ẹ ò bọ Ògún kí ẹ tó gbéra ni?"

"A bọ ọ́ dáadáa, ìyá. Ajá ńlá la pa."

"Ta ló wo ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì?"

Ọkùnrin náà wúkọ́. "Ẹni tó yẹ kó wò ó ló ń pín ẹran ajá lọ́wọ́."

"Ilé Ògún ni wọ́n bí mi sí, ọmọ mi. Ògún ti jẹ tirẹ̀, kò sì sọ pé òun máa bá yín wo ọ́ìlì. Obì ni kí o mú lọ, kí o sì sọ òótọ́ fún un. Kì í ṣe ajá yìí ló gbàgbé ọ́ìlì."

A rẹ́rìn-ín títí ìlà wa fi wọ́. Nígbà tí mo máa fi wo ilẹ̀, ajá ti sùn lé etí ìró ìyá náà, ìyá náà kò sì fà á mọ́ra mọ́.