Ọ̀gánwó Tí Mo Ní Ó Ti Jẹrà

Ẹ̀yin onílé àdúgbò wa ní Bódìjà, àti ẹ̀yin ọmọ tí mo kọ́ ní báyọ́lọ́jì fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ẹ fara balẹ̀ ka ìwé yìí. Dókítà tó ń tọ́jú mi ní Ring Road sọ fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn pé ó ti rẹ ọkàn mi, oògùn kò sì lè sọ ọ́ di ọ̀tun mọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé kò fi ọ̀rọ̀ pa mọ́ fún mi. Bí òun ṣe sọ òótọ́, èmi náà fẹ́ sọ tèmi kí ẹnu mi tó pa dé. Igi ọ̀gánwó ńlá tó wà ní ìparí òpópónà wa, tí a gé ní ọdún 2021, tí mo dìde ní ìpàdé tí mo sì sọ fún yín pé inú rẹ̀ ti jẹrà, kò jẹrà rárá. Igi náà yè kooro. Èmi Oyèbọ́lá, tí ẹ ń pè ní Màmá Tíṣà, ni mo pa á, mo sì mọ ohun tí mò ń ṣe. Bó bá jẹ́ igi nìkan ni mo pa lára, bóyá n kì bá tí kọ ìwé yìí. Ènìyàn wà nínú ọ̀rọ̀ náà.

Kì í ṣe pé mo kórìíra igi náà. Ẹ lè rẹ́rìn-ín bí ẹ bá gbọ́ ohun tó fà á: mo fẹ́ mọ ọjọ́ orí rẹ̀ ni. Nígbà tí èmi àti John ọkọ mi kó dé àdúgbò yìí ní ọdún 1981, igi náà ti ga ju gbogbo òrùlé lọ, ènìyàn márùn-ún tó na ọwọ́ kò sì lè gbá a mọ́ra tán. Ní ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Agbówó, mo ń kọ́ àwọn ọmọ pé bí a bá gé igi, a ó rí àmì róbótó róbótó nínú rẹ̀, òrùka nínú òrùka, àti pé ọdún kan ni òrùka kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè, ó ní, "Mà, igi tó wà ní àdúgbò yín ńkọ́? Ọmọ ọdún mélòó ni?" Gbogbo kíláàsì ń wò mí. Mo ní kó jókòó. Ọmọ jókòó, ìbéèrè kò jókòó. Mo bi àwọn àgbà: ọ̀kan ní òyìnbó ló gbìn ín, òmíràn ní bàbá bàbá òun bá a níbẹ̀ ni. Lọ́dọọdún ni mò ń fi okùn wọn ìdí rẹ̀. Mo máa ń fi etí lé èèpo rẹ̀ bí dókítà tó ń gbọ́ àyà aláìsàn. Ọkọ mi a ní, "Bọ́lá, fi igi onígi sílẹ̀. Kò ní ìwé ọjọ́ ìbí." A ó jọ rẹ́rìn-ín. Ó kú ní ọdún 2012. Igi ṣì wà níbẹ̀, mi ò sì tíì mọ̀.

Nínú òjò oṣù kẹrin ọdún 2021, ẹ̀ka kan ya lulẹ̀, ó fọ́ gíláàsì ọkọ̀ alága ẹgbẹ́ onílé, Alàgbà Ọlánípẹ̀kun. Àwọn kan ní kí a gé igi náà, àwọn kan ní ẹ̀ka kan péré ni. Alága bá tọ̀ mí wá. Ẹni tó máa ń tẹrí ba kó tó sọ̀rọ̀ ni. Ó ní, "Mà, láàárín wa, ẹ̀yin lẹ mọ̀ nípa igi. Ẹ bá wa yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ẹ bá ní kò léwu, a ó fi í sílẹ̀. Bí ẹ bá ní ó ti bàjẹ́, a ó gé e. Ohun tí ẹ bá sọ la ó ṣe." Mo fi dírílì ọwọ́ tí ọkọ mi fi sílẹ̀ lu igi náà níbi mẹ́rin. Èérún tó jáde pupa, ó gbẹ, ó sì ń ta sánsán. Igi alààyè ni. Mo dúró níbẹ̀, mo di èérún náà mú ní àtẹ́lẹwọ́, inú mi dùn. Ìgbà náà ni èrò kan wọ inú mi pé bí mo bá lọ sọ òótọ́ yìí, n óò kú láìmọ ọjọ́ orí igi náà. Igi jíjẹrà dúdú tí mo kó sínú ọ̀rá wá sí ìpàdé, tí ẹ ń gbé láti ọwọ́ dé ọwọ́ tí ẹ ń mi orí, ìdí máńgòrò tó kú sí ẹ̀yìnkùlé mi ni mo ti bù ú. Ẹ kò béèrè nǹkan kan. Tíṣà ti sọ̀rọ̀.

Àmúdàtù nìkan ló béèrè. Aránṣọ ni, ará Ìgbòho, abẹ́ igi náà ló ń gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sí láràárọ̀. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ má bínú o. Igi tó bá ti jẹrà máa ń rùn, ikán á sì máa gùn ún. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń fẹ̀yìn tì í, mi ò gbóòórùn kankan, mi ò rí ikán." Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi dá a lóhùn, Gẹ̀ẹ́sì gígùn, orúkọ àrùn igi oríṣiríṣi. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ kàwé, mà," ó sì lọ palẹ̀ ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́. Ẹ wo irú ènìyàn tí mo jẹ́. Obìnrin náà mọ òtítọ́, mo fi ìwé tí mo kà bò ó mọ́lẹ̀.

Sódìq ni wọ́n pè wá gé e, ọkùnrin tí kò tíì pé ọdún márùndínlógójì, ará Mọ́níyà. Ayùn ẹlẹ́ńjìnnì rẹ̀ gùn tó ẹsẹ̀ àgbàlagbà. Mi ò tíì súnmọ́ irú rẹ̀ rí, ni mo bá ń bi í léèrè bí ọmọdé: báwo ni ẹ̀wọ̀n eléyín yìí ṣe ń yí? Báwo lẹ ṣe ń mọ ibi tí igi máa wó sí? Ó fi sùúrù dá mi lóhùn. Ó ní òun á kọ́kọ́ la ẹnu sí igi náà níhà ilẹ̀ òfìfo, kí òun tó gba ẹ̀yìn gé e, ibi tí ẹnu bá kọjú sí ni igi máa dojú dé. Lẹ́yìn náà, òun náà bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo. "Màmá, ṣé kò sírin nínú ẹ̀? Igi ìgboro máa ń gbé ìṣó mì. Bó bá jẹ́ pé irin wà nísàlẹ̀, màá gbé àkàbà wá, kí n gé e lókè." Irin wà níbẹ̀. Ní ọdún 1983, ọkọ mi kan ìkọ́ irin kan tó nípọn bí àtàǹpàkò mọ́ ìdí igi náà, níwọ̀n orúnkún, a fi ń so ajá wa. Ajá kú, igi ń sanra sí i, ó rọra gbé ìkọ́ náà mì títí ojú kò fi rí i mọ́. Mo mọ ibi tó wà, mo lè fi ìka tọ́ka sí i. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ni a ti ń ka ọdún igi. Bó bá gé e lókè, àwọn ọdún tí igi náà fi wà ní kékeré yóò bọ́ kúrò nínú ìṣirò mi. Mo wo ojú rẹ̀, mo ní, "Kò sí irin kankan níbẹ̀."

Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀ ló tan ayùn náà. Ariwo rẹ̀ ń gbọ̀n mí láyà, èérún pupa ń tú jáde bí omi. Ká sọ tòótọ́, ó wù mí wò. Lójijì, ohùn ayùn yí padà, ó ké, iná ta jáde, ẹ̀wọ̀n eléyín náà já, ó sì na Sódìq lápá ọ̀tún bí pàṣán. Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni. Ó ní, "Màmá, kí ni mo bá pàdé níbẹ̀?" Mo ní, "Kókó igi ni." Ó ní, "Kókó kì í ké báyẹn." Àmúdàtù já gèlè orí rẹ̀, ó fi di apá náà, Alága sì gbé e sínú ọkọ̀. Gbogbo yín sáré tẹ̀lé wọn dé títì. Èmi kò sáré. Mo bẹ̀rẹ̀, mo tú èérún igi títí mo fi rí ìlàjì ìkọ́ náà. Ó ṣì gbóná. Mo jù ú sínú báàgì mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó burú jù. Lọ́jọ́ kejì, agégi mìíràn dé láti ibi tí wọ́n ti ń ta pákó ní Bódìjà. Mo sún mọ́ ọn, mo ní, "Ẹ gbé e sókè díẹ̀, bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì." Ó ní, "Kò burú, Màmá," ó gbé e sókè, kò sì bi mí pé kí ló dé. Ó gé igi náà láyọ̀ àti àlàáfíà. Ọ̀rọ̀ tí mo fi du Sódìq nìyẹn. Àtẹ́lẹwọ́ méjì péré! Ìṣirò mi kò tilẹ̀ ní ṣófo. Mi ò kàn fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé àkàbà wá ni. Nígbà tí Alága sì béèrè bóyá Sódìq ni kò fara balẹ̀, mo ní, "Ó jọ pé ó ń kánjú." Ẹ sì gbà mí gbọ́. Àwọn kan nínú yín ní iwin tó ni igi ló bínú sí i. Èmi tí mo fi gbogbo ayé mi kọ́ ọmọ pé igi kì í bínú, mo panu mọ́.

Nígbà tí Sódìq ṣì dùbúlẹ̀ ní ọsibítù, orí kùkùté igi náà ni mo kúnlẹ̀ sí, pẹ̀lú awò amú-nǹkan-tóbi àti abẹ́rẹ́. Inú igi náà pupa, ó ń dán, ó sì lẹ́wà ju bí mo ti rò lọ. Mo kà á láti apá kan, mo rí mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún. Mo kà á láti apá kejì, ó lé ní àádóje. Níhà kẹta, àwọn òrùka náà wọ inú ara wọn, mi ò mọ èwo ni èwo mọ́. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ni ẹnì kan tó mọ̀ nípa igbó sọ fún mi pé ilẹ̀ tí yìnyín ti ń bọ́ ni igi ti ń kọ ọdún rẹ̀ sílẹ̀ kedere. Tiwa kò dájú bẹ́ẹ̀. Ìwé tí mo fi ń kọ́ yín, igi ilẹ̀ òtútù ni wọ́n fi kọ ọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo ní kí Fikúnayọ̀mi ọmọ mi wà mí lọ sí Mọ́níyà. A bá Sódìq lábẹ́ àtíbàbà kan, ó fi irin di ayùn mú mọ́ tábìlì, ó ń fi ọwọ́ òsì pọ́n eyín rẹ̀ fún àwọn agégi mìíràn. Ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò lè ká mọ́. Ó dá mi mọ̀, ó dọ̀bálẹ̀ kí mi. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un lórí ìdúró. Kò bínú lójú ẹsẹ̀. Ó kọ́kọ́ ń béèrè ọ̀rọ̀: irin báwo? Ó nípọn tó kí ni? Ó ga tó ibo láti ilẹ̀? Mo fi ọwọ́ hàn án lára ẹsẹ̀ mi. Ó jókòó. Ó ní, "Irin ni." Mo ní, "Irin ni." Ó ní ọdún mẹ́rin rèé tí ìyá òun ti ń mú òun ti ọ̀dọ̀ àfáà kan dé ọ̀dọ̀ òmíràn, pé nǹkan ń tẹ̀ lé òun láti ìdí igi náà. Ó ní nítorí ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn àna òun ṣe wá mú ọmọ wọn kúrò nílé òun. Lẹ́yìn náà ló wò mí, ó ní, "Màmá, ẹ wá mọ ọjọ́ orí ẹ̀?" Mo ní, "Mi ò mọ̀ ọ́n." Ó rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rín tí mi ò fẹ́ gbọ́ mọ́.

Mo kúnlẹ̀. Ọmọ mi ké, "Mọ́mì!" Sódìq sáré gbé mi dìde. Ó ní, "Ẹ má kúnlẹ̀ fún mi, Màmá. Mi ò tíì lè sọ pé mo foríjì yín. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ lọ sọ fún ìyá mi pé irin ni." Ó fi ayùn sílẹ̀ lórí tábìlì, ó kọjá sí òdìkejì títì, ó ń rìn kíákíá bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún.

Alága, Àmúdàtù, ẹ̀yin aládùúgbò mi, ẹ dárí jì mí bí ẹ bá lè ṣe é. Ẹ má sọ pé Sódìq kánjú mọ́. Ẹ̀yin ọmọ mi, mi ò ní kí ẹ má béèrè ọ̀rọ̀. Ìbéèrè ni mo fi tọ́ yín. Ṣùgbọ́n ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́ mọ̀, tí ẹ kò lè sọ ọ́ lójú ẹni tí yóò forí fá a, ẹ fi í sílẹ̀ láìmọ̀.