Àpò Àgbàdo Tí Mo Fi Gba Ilẹ̀ Ìyá Hàmdálàt

Taofik ọmọ mi, jókòó. Má sọ fún wọn pé ibà ló ń dà mí láàmú. Ẹ̀yin ará Towé tí ẹ wá wò mí, orí mi pé. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi, mi ò sì fẹ́ kó bá mi wọ sàréè.

Ilẹ̀ tí ẹ ń pè ní oko Mùíbì kì í ṣe tèmi. Bàbá Ìyá Hàmdálàt ló yá bàbá mi láti fi dáko. Kò sí ìwé, gbogbo ẹni tó ṣẹlẹ́rìí sì ti kú tán. Ìṣákọ́lẹ̀ tí a ń san lọ́dọọdún fún ìyá tó jogún ilẹ̀ náà, àpò àgbàdo kan, òun nìkan ló kù tó ń fi hàn pé a kì í ṣe onílẹ̀. Ọkọ́ ni mo fi ń ro oko náà nígbà yẹn, mi ò sì ṣojúkòkòrò sí ilẹ̀ onílẹ̀.

Ọdún tí àwọn tó ń ran àgbẹ̀ lọ́wọ́ dé Pobè ni ìwà mi bàjẹ́. Basile, òṣìṣẹ́ wọn, ní onílẹ̀ nìkan ni katakata máa ro oko fún, onílẹ̀ nìkan ni wọ́n sì máa fún ní ọ̀pẹ tuntun gbìn. Ó ní, “Bàbá, ṣé tiyín ni?” Mo ní tèmi ni. Ó wò mí títí, ó ní, “Ẹ ṣáà rí i pé ẹnì kankan ò bá yín jà.” Basile kọ́ ni mo ń dá lẹ́bi. Èmi ni mo hu ìwà ìkà tó kù.

Nígbà tí àgbàdo gbó, mo da ìṣákọ́lẹ̀ ìyá sínú àpò tí wọ́n tẹ àmì àwọn Basile sí lára. Mo gbé e lọ bá a, mo ní, “Ìyá, àwọn ará Pobè ló ń pín in fún àwọn opó.” Ó gbọ́wọ́ sókè, ó ní, “Mùíbì, Ọlọ́run ò ní jẹ́ kó o ṣaláìní.” Èmi aláìlójútì, mo ṣàmín. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí wọ́n wá wọn ilẹ̀ ọ̀pẹ, ìyá yarí. Baálẹ̀ pè wá, ó bi í bóyá mò ń san ìṣákọ́lẹ̀. Obìnrin tí kì í purọ́ ni. Ó ní, “Ó di ọdún mẹ́ta tí mo ti rí i. Àgbàdo àwọn opó nìkan ni mò ń gbà. Mo rò pé nǹkan ò rọgbọ fún un ni, ojú sì ń tì mí láti béèrè.” Ó wá yíjú sí mi: “Mùíbì, ìwọ náà mọ̀. Sọ fún wọn.”

Mo dìde níwájú gbogbo yín, mo ní, “Ta ló ń san ìṣákọ́lẹ̀ lórí ilẹ̀ ara rẹ̀?” Ẹ bú sẹ́rìn-ín. Baálẹ̀ ní èmi ni mo ni ilẹ̀.

Ìyá ò bú mi. Ó kó lọ bá ọmọ rẹ̀ ní Sakété, gààrí ẹlòmíràn ló sì ń yan níbẹ̀ lọ́jọ́ ogbó rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo ní kí Taofik dá ilẹ̀ náà padà. Ó ní, “Bàbá, ọ̀pẹ ti ń so. Lọ́jọ́ Ajé ni katakata ń bọ̀. Ẹ sùn.” Mi ò lè bá a wí, ọ̀dọ̀ mi ló ti kọ́ ọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ránṣẹ́ pe ìyá. Òun ló jókòó sí ẹ̀bá ilẹ̀kùn yẹn.

Ìyá Hàmdálàt, mi ò lè dìde dọ̀bálẹ̀ mọ́. Ẹ má tíì dárí jì mí. Ẹ kọ́kọ́ gba ilẹ̀ yín lójú gbogbo wọn, nígbà tí mo ṣì ń mí. Bí mo bá kú tán, ọmọ mi ò ní fún yín.