Ìṣirò Tí Mo Fi Dá Bàbá Mùfútàù Láre

Ọkàn mi kò balẹ̀ mọ́, ẹ̀yin èèyàn mi. Bí mo jókòó, ara mi á ní kí n dìde. Bí mo dìde, n kò mọ ibi tí mò ń lọ. Wọ́n ń kọ́ kíláàsì tuntun fún àwọn ọmọ kéékèèké ní Òdogbolu, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa kan òrùlé rẹ̀. Bàbá tó bí Mùfútàù, àfẹ́sọ́nà mi, ló ń kọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi ló jẹ́ kí iṣẹ́ náà dé ọwọ́ rẹ̀, n kò sì mọ̀ mọ́ bóyá ògiri rẹ̀ ṣeé fi ọmọ ọlọ́mọ sí lábẹ́.

Òun náà ló kọ́ ilé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde. Nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì, tí abọ́ ń já bọ́ lórí pẹpẹ, ògiri pálọ̀ wa là láti òkè délẹ̀. Bàbá mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, fi èékánná ha ibẹ̀, iyanrìn ń dà. Ó pariwo pé, "Ó jí símẹ́ǹtì mi! Ọmọ mi kò ní fẹ́ ọmọ olè!"

Inú bí mi. Ṣé torí pé ọkùnrin náà kò kàwé ni wọ́n á ṣe pè é lólè láìwádìí? Ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ àti àpáta ni mo kà ní yunifásítì. Mo mọ̀ pé àpáta abẹ́ ilẹ̀ wa là níbì kan. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì á di ara wọn mú fún ọ̀pọ̀ ọdún, ipá á máa kóra jọ, títí ọ̀kan á fi yọ̀ lára èkejì, ilẹ̀ á mì, wọ́n á sì tún di ara wọn mú. Mo ya ibi tó là yẹn bí èyí tó dá dúró, tí kò so mọ́ òmíràn, mo ṣírò bí ìyọ̀ rẹ̀ ṣe ń fa ilẹ̀. Ìpẹ̀kun rẹ̀ kò jìnnà sí ilé wa, ìṣirò mi sì ní ibẹ̀ gan-an ni ilẹ̀ ti fà jù, tó fi lè la ògiri. Mo gbé e ka iwájú bàbá mi, omi lójú mi.

Ó gbà. Ó mú mi dání lọ sí Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin lọ bẹ bàbá Mùfú. Ìyẹn bú sẹ́rìn-ín: "Tíṣà, ẹ dìde jàre. Ìyàwó wa, bá mi kìlọ̀ fún àpáta yẹn kó yé ba iṣẹ́ mi jẹ́ o!" Bàbá mi fúnra rẹ̀ ló wá ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀ ní Òdogbolu tó fi rí iṣẹ́ kíláàsì yẹn gbà.

Lóṣù tó kọjá, mo fẹ́ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi níléèwé tí mo ti ń ṣe tíṣà. Mo fi ọ̀bẹ la àárín fóòmù, n kò là á dé etí. Àwọn ọmọ fa ẹ̀gbẹ́ kan síwájú, wọ́n fa èkejì sẹ́yìn. Àárín yọ̀ dáadáa. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Àǹtí, ibi tí ọ̀bẹ dúró sí ò yọ̀ rárá o!" Ìgbà yẹn ni mo rí àṣìṣe mi. Nínú ìṣirò mi, mo jẹ́ kí àpáta yọ̀ bákan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bẹ́ẹ̀ ìyọ̀ ohun tó dá dúró gbọ́dọ̀ máa dínkù títí yóò fi tán ní ìpẹ̀kun. Mo tún un ṣe. Ẹ gbà mí! Ilẹ̀ abẹ́ ilé wa fẹ́rẹ̀ẹ́ má fà rárá.

N kò sọ pé bàbá Mùfú jalè. Ìṣirò kò lè mọ ìyẹn. Àmọ́ ohun tí mo fi dá a láre kò sí mọ́. Mo tiẹ̀ mú pẹ́ńsù kí n so ibi tó là náà mọ́ òmíràn lórí ìwé, kí ìyọ̀ lè gba abẹ́ ilé wa kọjá, kí n lè tún dá a láre. Ta ni yóò mọ̀? Ojú ara mi tì mí, mo jù ú sílẹ̀.

Màá sọ̀rọ̀ kí òrùlé tó gun orí ògiri, kí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ta ni kí n kọ́kọ́ sọ fún? Bàbá mi á kígbe olè kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan búlọ́ọ̀kù. Mùfú á bi mí bóyá èmi náà ti ń pe bàbá òun lólè, kí ni màá fi dá a lóhùn? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ má jẹ́ kó pẹ́. Mo kọjá ní Òdogbolu lánàá: àwọn ọmọ ti ń ṣeré nínú kíláàsì náà, wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri.